A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Lórí Àkọsílẹ̀ Àwọn Ọ́dítọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́

Ó wà nínú Ìwé Òfin Ìpilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 125, ọ̀rọ̀ kan tí àwọn olóṣèlú kì í sábàá mú wá sí Ọ̀yọ́ Aláàfin nígbà tí wọ́n bá ń wá ìbò, tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété pàápàá, tí wọ́n mọ owó kà tí wọ́n sì mọ owó ṣọ́ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, kì í sábàá mẹ́nu bà, bẹ́ẹ̀ ó sì jẹ́ pé láti inú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni a ti lè mọ̀ bóyá owó tí a kó lé àwọn àjọ àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìpínlẹ̀ yìí lọ́wọ́ dé ibi tí a rán an, tàbí ó ti ṣáko lọ lójú ọ̀nà. Ohun tí ó wí ni pé a kò fún Ọ́dítọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ láṣẹ láti fúnra rẹ̀ yẹ ìwé ìṣirò owó àwọn àjọ tí òfin ìjọba dá sílẹ̀ wò, bí ó tilẹ̀ lè yà sọ́dọ̀ wọn láti ìgbà dé ìgbà láti wo bí nǹkan ti ń lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, òun ni yóò fún wọn ní àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ọ́dítọ̀ tí ó tóótun, inú àkọsílẹ̀ yẹn ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti mú ẹni tí yóò yẹ ìwé wọn wò, òun náà ni yóò sì fi ìlànà lélẹ̀ nípa iye owó iṣẹ́ tí wọn yóò san fún un.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó tóótun? Kí ni ọmọ Ọ̀yọ́ tí ó ṣí ọ́fíìsì akáúńtáǹtì sí Òwódé yóò ṣe kí orúkọ rẹ̀ tó wọ inú ìwé náà, kí sì ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò ṣe tí a ó fi yọ ọ́ dànù? Ìwé Òfin dákẹ́ síbẹ̀, ibi tí òfin bá sì dákẹ́ sí, ìlànà inú ọ́fíìsì ni í gba ipò rẹ̀. Ọ̀nà tí a ó gbà ṣe irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni ó mú wa gbé kálámù lónìí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya èyí tí ó jẹ́ ti Ìbàdàn sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó jẹ́ ti Àbújá, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń po méjèèjì pọ̀. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà a máa béèrè ìdí tí ìjọba Ọ̀yọ́ kò fi ní ìgbìmọ̀ tí ń fún akáúńtáǹtì ní ìwé-àṣẹ gẹ́gẹ́ bí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe lọ́hùn-ún, láti ìgbà tí New York ti kọ́kọ́ ṣe òfin irú rẹ̀ ní ọdún 1896. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ yòówù tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá yàn, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni Ìwé Òfin fún láṣẹ láti ṣòfin lé e lórí. Gómìnà kò lè fún akáúńtáǹtì ní ìwé-àṣẹ, kò sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtàn bí ìwé-àṣẹ náà ti dé ọwọ́ wa kò gùn. Ọdún 1949 ni Akíntọ́lá Williams yege nínú iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún 1952 ni ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó, ní àkókò tí ó jẹ́ pé òyìnbó ni ó ń ṣòwò ńlá, òyìnbó náà ni ó sì ń yẹ ìwé òyìnbó wò. Nígbà tí ó di ọdún 1960, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́ kan, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1965 ni òfin sì dá ẹgbẹ́ àwọn akáúńtáǹtì tí gbogbo wa mọ̀ sí ICAN sílẹ̀, tí baba náà fi di ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó gbó, ó tọ́, ó pé ẹni 104 ọdún kí ó tó re ibi àgbà ń rè ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àwọn mìíràn sì tún dá ẹgbẹ́ ANAN sílẹ̀ ní ọdún 1979, wọ́n gbé ilé-ẹ̀kọ́ wọn kalẹ̀ sí Kwall lẹ́bàá Jos, ìjọba ológun sì fún wọn ní òfin tiwọn ní ọjọ́ 25, oṣù kẹjọ, ọdún 1993, ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí Babangida gbé àga sílẹ̀. Ìjà tí ó wà láàrin ẹgbẹ́ méjèèjì yìí lórí ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ sí irú ìwé wo, a kò ní tú u palẹ̀ níhìn-ín. Ó pẹ́, ó sì gbóná, ó sì kọ́ wa pé àwọn tí ó ti wọlé kì í sábàá yára ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí ó wà lóde.

A kò sí lára àwọn tí ó ń sọ pé kí a wó ògiri náà lulẹ̀. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké: ìdánwò ICAN jẹ́ ìpele mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ìwé ìdánwò ni ẹni tí a kò yọ ìkankan fún yóò jókòó kọ, lẹ́yìn èyí ó gbọ́dọ̀ ti fi ọdún mẹ́ta kọ́ iṣẹ́ náà lójú iṣẹ́. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni gbogbo ìwé ìṣirò owó ti máa ń dán lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ní ọdún 2006 ni àṣírí tú pé ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà ni a fi bù mọ́ ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ Cadbury Nigeria, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tí ó fi owó wọn ra ìpín níbẹ̀ kò sì mọ nǹkan kan títí ọ̀rọ̀ fi bẹ́yìn yọ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Báńkì Àpapọ̀ lé ọ̀gá ilé ìfowópamọ́ márùn-ún lójọ́ kan ṣoṣo.

Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò nílò kí a mú àpẹẹrẹ wá fún wọn láti Èkó. Nígbà tí Yunifásítì Ladoke Akintola wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ méjì, tí Ọ̀yọ́ ń wo ojú Ọ̀ṣun tí Ọ̀ṣun ń wo ojú Ọ̀yọ́, tí owó oṣù kò wọlé, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sílé fún oṣù gbọọrọ, tí ilé àwọn onílé ní Under-G ṣófo, tí àwọn ìyá olóúnjẹ ká ìkòkò wọn lọ sílé, ìbéèrè tí ó gba ẹnu gbogbo ènìyàn ni pé: níbo ni owó wà? Àwọn ìjọba méjèèjì ní kí á yẹ ìwé wò ná, wọ́n sì gbé ilé-iṣẹ́ ọ́dítọ̀ KPMG wá ní ọdún 2017, àríyànjiyàn sì tún bẹ̀rẹ̀ lórí ìyẹ̀wéwò náà fúnra rẹ̀. Títí di ìparí ọdún 2020 tí Ọ̀ṣun fi yọwọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà fi di ti Ọ̀yọ́ nìkan, kò sí alágbàṣe, kò sí awakọ̀ ọ̀kadà ní Tákìé, tí kò mọ̀ pé ẹni tí ń yẹ ìwé wò lè sọ ìlú di ahoro tàbí kí ó mú un sọjí. Irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni abala 125 ń bá wí.

Ọ̀yọ́ kò kọ́ èyí lọ́dọ̀ òyìnbó. Ní ayé Ọ̀yọ́ Ilé, ìlàrí tí Aláàfin bá rán níṣẹ́ kì í lọ láìní àmì. A ó fá apá kan orí rẹ̀, a ó dá apá kejì sí, kí ó lè jẹ́ pé ibodè yòówù tí ó bá dé, oníbodè yóò mọ ẹni tí ó rán an. Òǹtẹ̀ akáúńtáǹtì ni orí ìlàrí ti òde òní. Ṣùgbọ́n kí ẹ kíyè sí i pé gbogbo ìlú tí ó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ ni ó mọ ohun tí àmì náà jẹ́ àti ọwọ́ tí ó lè fi í síni lórí. Kò sí ẹni tí ó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó gbọ́ pé a ti yí àmì padà lóru.

Ìyẹn ni a kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún nípa ìlànà òde òní. Ẹ rántí àjọ tí ń ṣàkóso ìṣirò owó ní Nàìjíríà, Financial Reporting Council, tí òfin ọdún 2011 dá sílẹ̀, tí akáúńtáǹtì kò sì lè fọwọ́ sí ìwé ilé-iṣẹ́ ńlá láìgba nọ́ḿbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2016 ni àjọ náà gbé ìlànà ìṣàkóso kan jáde tí ó kan àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ aláàánú pẹ̀lú, tí ó ní kí olórí tí ó bá ti lo 20 ọdún lórí àga fi í sílẹ̀. Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2017, Pásítọ̀ Adébóyè kéde ẹni tí yóò máa darí Ìjọ Ìràpadà ní Nàìjíríà. Ilẹ̀ mì tìtì. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, Ààrẹ Buhari yọ ọ̀gá àjọ náà nípò, a sì dá ìlànà náà dúró. A kò dá sí ẹni tí ó jàre. Ohun tí ó dùn wá ni pé ìlànà tí ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n orí fi ọdún púpọ̀ jókòó tì, ariwo ni ó gbé e ṣubú, kì í ṣe àlàyé, nítorí àwọn tí ó kàn kò fi gbogbo ọkàn dá sí i àfi ìgbà tí abẹ ti kan orí. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2025, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni figbe ta lórí owó ọdọọdún tí àtúnṣe òfin àjọ kan náà ní ọdún 2023 bù lé wọn lórí, tí ó ń gun orí òdiwọ̀n owó tí wọ́n ń pa wọlé láìní ìdè, títí Mínísítà ètò ilé-iṣẹ́ àti òwò, Jumoke Oduwole, fi ní kí á dá a dúró ná sí ₦25 mílíọ̀nù. A ṣe òfin tán kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ẹjọ́. Ẹ̀yìn ni a ń gbà wọ ilé.

Ní Texas, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí ní Houston, nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso àwọn akáúńtáǹtì níbẹ̀ bá fẹ́ yí ohun tí ẹni tí ń wá ìwé-àṣẹ gbọ́dọ̀ ní padà, òfin ìpínlẹ̀ náà fi dandan lé e pé kí ó kọ́kọ́ kéde àbá rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìjọba tí a ń pè ní Texas Register, ó kéré tán 30 ọjọ́ kí ó tó fọwọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni lè kọ èrò rẹ̀ ránṣẹ́, ìbáà ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì jókòó ìdánwò rí. Lẹ́yìn èyí, bí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí ìlànà náà, ó gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí ó kó èrò tí ó gbọ́ jọ ní ṣókí, kí ó dárúkọ ẹgbẹ́ tí ó fara mọ́ ọn àti èyí tí ó lòdì sí i, kí ó sì sọ ìdí tí kò fi gba ti àwọn tí ó lòdì.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ó wú wa lórí jù. Ìjọba tiwa náà mọ ìpàdé ìlú í ṣe: a ó ta àtíbàbà, a ó pín omi inú ọ̀rá, ọlọ́lá yóò pẹ́ dé, àwọn àgbà yóò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, gbogbo ènìyàn yóò sì pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá padà lọ ní oṣù kẹta láti béèrè ohun tí ó ti ẹ̀yìn ìpàdé náà yọ, ojú òpó ni yóò bá ara rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í pẹ́ ṣíwọ́ sísọ tirẹ̀ bí kò bá rí èsì gbà.

Irú èsì àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa wúlò lẹ́yìn ọ̀la. Láti ọdún 1983 tí Florida ti bẹ̀rẹ̀ sí béèrè wákàtí ẹ̀kọ́ 150 lọ́wọ́ ẹni tí yóò di akáúńtáǹtì, èyí tí ó ju oyè ọlọ́dún mẹ́rin lọ, ìpínlẹ̀ gbogbo ní Amẹ́ríkà ni ó tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Ó sì tó nǹkan bí 40 ọdún kí àwọn ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí sá fún iṣẹ́ náà tí ìbéèrè fi dìde pé kí ni ọdún karùn-ún náà ń fi kún ọgbọ́n wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni Ohio ṣe òfin tí ó ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ láti ọdún 2026: oyè àkọ́kọ́, ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́, àti ìdánwò tí kò yí padà.

Ẹ jẹ́ kí á padà wálé. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ Ọ́dítọ̀ Àgbà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni pé kí ìlànà bí orúkọ ṣe ń wọ inú àkọsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ohun tí a kọ sílẹ̀, tí a tẹ àbá rẹ̀ sí gbangba kí ó tó di òfin, tí a sì dáhùn àwọn tí ó bá sọ̀rọ̀ lé e lórí. A ní èrò tiwa tí a ó fi ránṣẹ́ bí ọjọ́ bá pé, a kò sì ní fi í pamọ́. Ó ń bà wá lẹ́rù pé bí a bá fi iye alábàáṣepọ̀ inú ilé-iṣẹ́ tàbí títóbi ọ́fíìsì ṣe òṣùwọ̀n, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Èkó ni yóò gba gbogbo iṣẹ́ náà, tí akáúńtáǹtì méjì tí ó fi òógùn ojú wọn ṣí ọ́fíìsì sí Ògbómọ̀ṣọ́ yóò máa yẹ ìwé ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kéékèèké wò títí ayé, bẹ́ẹ̀ ICAN tàbí ANAN kan náà ni ó fún wọn ní òǹtẹ̀. A sì gbọ́dọ̀ sọ òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú, kí á má baà dà bí ẹni tí ń gbè sẹ́yìn ọmọ ìyá rẹ̀. Ní ìlú tí gbogbo wa ti jọ ń lọ sí ìsìnkú ara wa, tí bọ́sà ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ àna akáúńtáǹtì, tí àwọn méjèèjì sì jọ wọ aṣọ ẹbí kan náà ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, ó ṣòro kí ojú má ti ènìyàn láti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé pé owó kò pé. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Nítorí náà, kí ìlànà sọ iye ọdún tí ilé-iṣẹ́ kan lè lò lẹ́nu ọ̀nà àjọ kan kí ó tó yẹ̀ fún òmíràn, kí ó sì sọ irú ìbátan tí yóò dí ènìyàn lọ́wọ́; tàbí, bí a bá fẹ́ gba ọ̀nà tí ó rọrùn jù, kí àwọn ará Ọ̀yọ́ máa yẹ ìwé Ògbómọ̀ṣọ́ wò kí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ sì máa yẹ ti Ọ̀yọ́, nítorí pé bí àwọn ìlú méjèèjì ti mọ ara wọn tó, kò sí èyí tí yóò bo àṣírí èkejì.

Ní ti owó iṣẹ́, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Bí ó bá kéré jù, ọ́dítọ̀ yóò rán ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ láti máa fa ìlà pupa sí ìwé tí kò kà. Bí ó bá pọ̀ jù, kò ní fẹ́ bí ẹni tí ń san án nínú.

Àwọn kan yóò sọ pé Ọ́dítọ̀ Àgbà kì í gba àṣẹ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Òtítọ́ ni. Abala 125 kan náà wí pé nínú iṣẹ́ rẹ̀ kò sí lábẹ́ ìdarí aláṣẹ kankan, a sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ débi pé àfi kí ìdá méjì nínú mẹ́ta Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí i kí a tó lè yọ ọ́. Ìdí nìyí tí a kò fi kọ lẹ́tà yìí sí Gómìnà. Ẹni tí òfin bá fún ní òmìnira tó báyìí, òun gan-an ni ó yẹ kí ó máa ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí kò sí ọ̀gá tí a lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Àwọn mìíràn yóò sì sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ni èyí, kò kan ìyá aláṣọ ní Akẹ̀sán. A dá wọn lóhùn pé ọjà Akẹ̀sán jóná ní oṣù kìíní ọdún 2020, owó ìlú ni ìjọba fi tún un kọ́, kò sì sí ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bí a ti ń ṣọ́ owó ìlú ju ẹni tí ó ti dúró síwájú eérú ìsọ̀ rẹ̀ rí lọ.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ pé ìpínlẹ̀ lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ wo àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Láti ìgbà òfin ọdún 1935 tí ó bí wọn ni ó ti jẹ́ pé ọ̀gá tí ń forúkọ wọn sílẹ̀ ni ó ń yẹ ìwé wọn wò lọ́dọọdún, tàbí tí ó ń yan ẹni tí yóò bá a ṣe é. Àgbẹ̀ tí kò kàwé sì mọ orúkọ ọ́dítọ̀ tí ń bọ̀, ó mọ oṣù tí yóò dé, ó mọ ìwé tí òun gbọ́dọ̀ kó sílẹ̀ dè é.

Kò ní ná ìjọba ní owó púpọ̀. Kí a lẹ àbá ìlànà náà mọ́ ara pátákó ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Àtìbà àti ti Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, kí á kà á ní èdè Yorùbá lórí Ajílété FM ní Gambari, kí á fún àwọn ènìyàn ní 30 ọjọ́ láti fèsì, kí á sì tẹ èsì Ọ́dítọ̀ Àgbà jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ní ti ìwé ìròyìn yìí, bí ọ́fíìsì rẹ̀ bá fi àbá náà ránṣẹ́ sí wa ní Ọjọ́rú, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní odidi ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, a kò ní gba kọ́bọ̀.